Rísẹ́ẹ̀tì módẹ́mù inú sílọ́ọ̀tì kìíní ń pa ti kejì náà: báwo lẹ ṣe ń ya láìnì wọn sọ́tọ̀?

bọ́ọ̀dù_kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Ọ̀rọ̀ módẹ́mù ló gbé mi wá. Mo ní bọ́ọ̀dù ARM kan níwájú mi báyìí, Linux ló wà lórí ẹ̀, sílọ́ọ̀tì méjì ló ní téèyàn ń ki káàdì sí, ọ̀kan mini PCIe, èkejì M.2 Key B, módẹ́mù 4G sì wà nínú méjèèjì torí a fẹ́ kí ọ̀kan gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ibi tí àpótí yìí ń lọ, kò sẹ́ni tó máa wà níbẹ̀ tó lè yọ iná ẹ̀ kó tún un kì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ lè gbé ara ẹ̀ dìde.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀, módẹ́mù inú mini PCIe á kàn dákẹ́. Nígbà míì ttyUSB ẹ̀ (fáìlì tí prógíráàmù fi ń bá a sọ̀rọ̀) ṣì máa wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n téèyàn bá fi AT (àṣẹ tí módẹ́mù ń gbà) ránṣẹ́ sí i kò ní dáhùn, nígbà míì sì rèé á pòórá pátápátá nínú lsusb, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó wà lórí USB. Síkíríìpù tó bá bọ́ọ̀dù náà wá máa ń kọ 1 sínú /sys/class/gpio/gpio132/value (GPIO ni ẹsẹ̀ chip tí sọ́fítíwià lè mú lọ sókè tàbí wálẹ̀), á sùn fún sẹ́kọ́ǹdù kan, á wá kọ 0 padà. Ó ń jí módẹ́mù lóòótọ́, àmọ́ módẹ́mù inú M.2 tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan náà máa já lẹ́ẹ̀kan náà, dátà tó ń gbé lọ́wọ́ á sì bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ttyUSB2 tí prógíráàmù wa ń bá sọ̀rọ̀ á ti di ttyUSB6. Mo ṣe reboot, ó ku bákan náà, módẹ́mù tó ti kú ṣáájú reboot ṣì kú lẹ́yìn ẹ̀, àyàfi kí n yọ iná gbogbo bọ́ọ̀dù. Nígbà tá a sì wá gbé kernel tuntun sí i, gpio132 kò tọ́ka síbi kan náà mọ́.

Àwòrán sákíìtì tí wọ́n fún wa kò pé, ojú ìwé tó yẹ kí sílọ́ọ̀tì wà ló ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá láìnì kan náà ni wọ́n fi so àwọn méjèèjì pọ̀? Kí ló sì yẹ kí n máa fà gan-an, ṣé rísẹ́ẹ̀tì ni àbí kí n kúkú máa gé iná?

ojú_síkóòpù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú torí òun ló máa ń da gbogbo nǹkan rú. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn ń pè ní rísẹ́ẹ̀tì. Iná fúnra ẹ̀ wà, ìyẹn 3.3V tó ń wọ káàdì. Láìnì rísẹ́ẹ̀tì wà, òun ń sọ fún módẹ́mù pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà lórí ẹ̀. W_DISABLE náà tún wà, rédíò nìkan lòun ń pa, bíi airplane mode orí fóònù ló rí, módẹ́mù tó ti kú kò ní tìtorí ẹ̀ jí. Mo ti rí bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ "modem reset" sára láìnì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá tọpa ẹ̀ dé sílọ́ọ̀tì, W_DISABLE lẹ máa bá. Ẹ má gba orúkọ tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù gbọ́, píìnì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Lórí mini PCIe, píìnì 22 ni PERST# (láìnì rísẹ́ẹ̀tì ti PCIe), 20 ni W_DISABLE#, USB wà lórí 36 àti 38, iná wà lórí 2, 24, 39, 41 àti 52. Lórí M.2 Key B, 67 ni RESET#, 8 ni W_DISABLE1#, 6 ni FULL_CARD_POWER_OFF#, iná sì wà lórí 2, 4, 70, 72 àti 74. M.2 tún ní PERST# tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí píìnì 50, fún PCIe nìyẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mini PCIe ní, àwọn tó ń ṣe módẹ́mù USB fún mini PCIe ló wá ń fi PERST# yẹn ṣe rísẹ́ẹ̀tì módẹ́mù.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ìṣòro yín ti wá. Ẹni tó bá ń ya bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọkàn PCIe á wò ó pé PERST kan tó fún gbogbo sílọ́ọ̀tì, ṣebí ìgbà tí bọ́ọ̀dù bá ń tan nìkan la nílò ẹ̀. Fún káàdì PCIe lásán kò burú. Fún módẹ́mù tó ní láti lè kú kó sì jí lóun nìkan, ó burú jáì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ yọ iná, ẹ yọ káàdì méjèèjì, ẹ gbé mítà sí ibi tó ń dún, ẹ wá fi kan píìnì 22 lápá kan, píìnì 67 àti 50 lápá kejì. Tó bá dún, wáyà kan náà ni. Tí kò bá dún, ẹ má tíì yọ̀, torí tíránsístọ̀ tàbí búfà lè wà láàárín tí mítà kò ní rí kọjá. Ẹ fi iná sí bọ́ọ̀dù láìsí káàdì nínú ẹ̀, ẹ mú GPIO náà lọ sílẹ̀ kó dúró síbẹ̀, ẹ wá wọn fóltéèjì lórí píìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ẹ mú un lọ sókè, ẹ tún wọ̀n. Píìnì tó bá yí padà pẹ̀lú ẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Tí ìkankan kò bá yí, ẹ so résístọ̀ 10k láti píìnì yẹn lọ sí 1.8V kẹ́ ẹ tó tún wọ̀n, torí láìnì tó ń fà wálẹ̀ nìkan kò ní fi ohunkóhun hàn bí kò bá sí nǹkan tó ń gbé e sókè.

Fóltéèjì náà ṣe pàtàkì o. RESET# ti M.2, 1.8V ni. Ti mini PCIe, 3.3V. Tí GPIO 3.3V kan bá ń ti láìnì náà sókè fún méjèèjì, ó ń ti 3.3V wọ inú módẹ́mù níbi tí kò yẹ kó dé. Bó ṣe yẹ kó rí ni open drain, kí bọ́ọ̀dù máa fà á wálẹ̀ nìkan, tó bá ṣe tán kó jọ̀wọ́ ẹ̀, kí résístọ̀ inú módẹ́mù fúnra ẹ̀ gbé e padà lọ síbi tó bá a mu. Tí tíránsístọ̀ NPN bá wà láàárín, ó ti rí bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn, àmọ́ ẹ rántí pé òdì ló máa wá ń ṣe, GPIO lókè túmọ̀ sí módẹ́mù wà nínú rísẹ́ẹ̀tì. Kí résístọ̀ kan sì wà tó ń fa ẹsẹ̀ tíránsístọ̀ náà wálẹ̀, torí nígbà tí bọ́ọ̀dù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan, kò tíì sẹ́ni tó ń darí GPIO, ó kàn ń fò káàkiri ni.

Ohun kan tún rèé: sẹ́kọ́ǹdù kan tí síkíríìpù yín fi ń mú un mọ́lẹ̀ yẹn, ta ló yan án? Ẹ wo datasheet módẹ́mù yín. Ti Quectel EC25, bí àpẹẹrẹ, 150 sí 460 ms ni wọ́n ní kó fi wà nílẹ̀, wọ́n fún un ní ìsàlẹ̀ wọ́n sì fún un ní òkè. Sẹ́kọ́ǹdù kan ti kọjá òkè yẹn tipẹ́.

kernel_lálẹ́

Ẹ̀gbọ́n ojú_síkóòpù ti sọ ti wáyà, ẹ jẹ́ kí n mú ti sọ́fítíwià.

Nọ́ńbà gpio132 yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Kernel ló ń pín nọ́ńbà yẹn bí dírááífà bá ṣe ń dé, tí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì tàbí tí kernel bá yí ọ̀nà tó ń gbà pín in padà, 132 á di ti ẹlòmíì, ẹ lè wá máa fa rísẹ́ẹ̀tì nǹkan tẹ́ ẹ kò mọ̀. Látìgbà Linux 4.8 lọ́dún 2016 ni character device, ọ̀nà tuntun láti darí GPIO, ti dé, wọ́n sì ti sọ pé sysfs (ọ̀nà /sys/class/gpio) yẹn ti di ohun àtijọ́. Ẹ fún láìnì lórúkọ nínú device tree (fáìlì tó ń sọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún kernel), kẹ́ ẹ máa fi orúkọ pè é:

gpio-line-names = "", "", "lte1-reset", "lte2-reset", "lte1-power", "lte2-power";

Tẹ́ ẹ bá wá ń lo libgpiod 2 (irinṣẹ́ tó ń darí GPIO), ìlà kan péré ló kù:

gpioset -l -d open-drain -t 300ms,0 lte1-reset=1

Ohun tó ń ṣe ni pé ó fa láìnì wálẹ̀, ó dúró fún 300 ms, ó jọ̀wọ́ ẹ̀, ó sì jáde. -l ń sọ pé ìsàlẹ̀ ni ibi tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé tíránsístọ̀ ló wà láàárín, ẹ yọ -l àti open-drain kúrò torí tíránsístọ̀ ti ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí gpioset bá ti jáde, kò sẹ́ni tó ń di láìnì náà mú mọ́, kernel kò sì ṣèlérí ipò tó máa wà lẹ́yìn náà. Fún rísẹ́ẹ̀tì kò sí wàhálà torí ipò ìsinmi ẹ̀ là ń fẹ́. Fún láìnì iná, ẹ má fi gpioset ṣe é láé, ẹ sọ ọ́ di regulator-fixed nínú device tree kí kernel fúnra ẹ̀ máa dì í mú, ẹ ó sì lè fi startup-delay-us sọ iye àsìkò tí iná fi gbọ́dọ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni tó máa retí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ttyUSB2 tó di ttyUSB6: prógíráàmù yín ṣì di ttyUSB2 mú nígbà tí módẹ́mù já, kernel kò sì lè gba nọ́ńbà yẹn padà níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan ṣì ṣí i, ìdí nìyẹn tí módẹ́mù fi gba nọ́ńbà tó ṣófo níwájú nígbà tó padà dé. Ohun méjì lẹ máa ṣe. Ẹ jẹ́ kí prógíráàmù pa fáìlì náà dé kẹ́ ẹ tó fa rísẹ́ẹ̀tì, kó má jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ sì jáwọ́ nínú ttyUSB, ẹ lo /dev/serial/by-path, òun ń tẹ̀ lé ibi tí módẹ́mù so mọ́ lórí USB, sílọ́ọ̀tì kan náà á máa jẹ́ orúkọ kan náà nígbà gbogbo. By-id kò ní ràn yín lọ́wọ́ tí módẹ́mù méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà tí wọn kò sì ní serial nọ́ńbà lórí USB, wọ́n á máa jà lórí orúkọ kan.

Tí ModemManager (prógíráàmù tó ń bójú tó módẹ́mù lórí Linux) bá wà lórí bọ́ọ̀dù, òun náà di módẹ́mù mú o. Ẹ fi mmcli --inhibit-device dá a dúró kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan láìnì, ó máa dúró bẹ́ẹ̀ títí tí mmcli yẹn bá fi wà láàyè, tẹ́ ẹ bá ti pa á ModemManager á tún wá módẹ́mù fúnra ẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù nínú irú àwọn síkíríìpù báwọ̀nyí ni pé ping kan kò dé, wọ́n ti fa rísẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, àtẹ̀gùn ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ já ìsopọ̀ dátà kẹ́ ẹ tún un so. Tí kò bá gbà, AT+CFUN=4 kẹ́ ẹ tó dá a padà sí AT+CFUN=1, ìyẹn ni pé rédíò nìkan lẹ pa tẹ́ ẹ tún tàn. Tí kò bá gbà, AT+CFUN=1,1, kí módẹ́mù tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí AT kò bá wá dáhùn mọ́ rárá ni láìnì rísẹ́ẹ̀tì tó kàn, iná ló kẹ́yìn pátápátá. Láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kí àsìkò ìdúró máa pọ̀ sí i. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ lódindi lágbègbè kan tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpótí sì ń rísẹ́ẹ̀tì módẹ́mù wọn léraléra, gbogbo wọn á jọ máa kan ilẹ̀kùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá padà dé. GSMA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, tiẹ̀ ní ìwé ìlànà lórí ẹ̀, TS.34, gbogbo ẹni tó bá ń ṣe àpótí tó ní módẹ́mù ló yẹ kó kà á.

bọ́ọ̀dù_kékeré

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á máa fi kún ìmọ̀ yín. Mo ti wọn àwọn píìnì náà. Píìnì 22 mini PCIe àti 67 M.2 ń yí padà pọ̀, GPIO kan náà, tíránsístọ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà fún wọn, nítorí náà ti fóltéèjì kò burú, àmọ́ orísun kan náà ni wọ́n ti ń gbàṣẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mo rí PCA9555 kan (chip tó ń fi GPIO kún ti bọ́ọ̀dù) lórí I2C, wáyà tí àwọn chip fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjì ń lọ sí switch iná sílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé rísẹ́ẹ̀tì ni wọ́n jọ pín, iná kálukú wà lọ́tọ̀.

Mo bá ní kí n kúkú máa gé iná sílọ́ọ̀tì kìíní nìkan. Switch náà pa lóòótọ́ torí mo wọn ẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n iná orí sílọ́ọ̀tì kò dé 0, ó dúró sí bíi 1.2V, tí mo bá sì tàn án padà módẹ́mù kì í sábà jí, tàbí kó jí kí USB ẹ̀ máa wọlé máa jáde. Kí ló ń fún un níná nígbà tí mo ti pa iná? Àti pé kí ló dé tí reboot kò fi kan àwọn láìnì wọ̀nyí?

kápásítọ̀_àgbà

Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ti 1.2V yẹn torí ó ti fojú mi rí nǹkan. Iná ń gba ẹ̀yìn wọlé ni. Tẹ́ ẹ bá pa iná módẹ́mù ṣùgbọ́n tí láìnì míì tó so mọ́ ọn ṣì wà lókè, iná láti ara láìnì yẹn á gba dáyóòdù ààbò inú chip kọjá lọ sórí iná gbogbogbòò ẹ̀. Kò pọ̀ tó láti fi ṣiṣẹ́, ó sì ti pọ̀ jù láti jẹ́ kó kú. Módẹ́mù wà láàárín ìyè àti ikú, sákíìtì tó ń wò ó bóyá iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò rí i pé iná lọ rí, torí náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ibi tó ti ń wọlé. UART (láìnì sẹ́ríà) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí tó bá wà lórí bọ́ọ̀dù yín, torí TX, láìnì tó ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ SoC (chip ńlá tó ń darí bọ́ọ̀dù), máa ń jókòó sókè tí kò bá sí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, résístọ̀ tó ń gbé W_DISABLE tàbí WAKE sókè sí 3.3V tí kì í kú. Ẹ wo SIM náà, tí wọ́n bá fi iná bọ́ọ̀dù gbé láìnì dátà SIM sókè dípò UIM_PWR tó ń ti módẹ́mù wá (píìnì 8 lórí mini PCIe, 36 lórí M.2), ibẹ̀ náà ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́: ẹ pa iná sílọ́ọ̀tì kí módẹ́mù wà nínú ẹ̀, ẹ máa sọ GPIO kọ̀ọ̀kan di input lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbójú lé mítà. Èyí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn tí 1.2V bá já wálẹ̀, òun ni.

Ìtọ́jú ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ sọ gbogbo láìnì wọ̀nyẹn di input tàbí kẹ́ ẹ mú wọn wálẹ̀ ṣáájú kẹ́ ẹ tó gé iná, kẹ́ ẹ má sì dá wọn padà kí iná tó dé. Ẹ wá ṣe ibi tí iná máa gbà kúrò. Kápásítọ̀ tó wà lórí sílọ́ọ̀tì módẹ́mù tóbi, tí kò bá sí nǹkan tó ń mu iná inú ẹ̀, ó lè pẹ́ kó tó gbẹ. Switch iná míì ní discharge nínú, òun fúnra ẹ̀ á gbẹ ẹ́ tó bá pa. Tí ti yín kò bá ní, résístọ̀ kan láti iná sílọ́ọ̀tì sí ground ń ṣe é, ẹ ṣáà ṣírò ooru ẹ̀ torí gbogbo ìgbà ni iná máa gbà á kọjá. Ẹ má sì gbọ́kàn lé sleep inú síkíríìpù, mítà ló máa sọ ìgbà tó dé ilẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tún fi iná gígé ṣe ohunkóhun o. Módẹ́mù wọ̀nyí ní flash nínú, wọ́n ń kọ nǹkan sínú ẹ̀. Gígé iná lójijì nígbà tó ń kọ lọ́wọ́ lè ba fáìlì inú ẹ̀ jẹ́ débi pé rísẹ́ẹ̀tì kankan kò ní lè jí i mọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń dáhùn, ẹ fi AT bẹ̀ ẹ́ kó pa ara ẹ̀, ti Quectel ni AT+QPOWD=1, ẹ dúró kó pòórá nínú lsusb, ẹ wá gé iná. Ẹni tí kò dáhùn mọ́ nìkan lẹ máa gé lójijì.

Ìbéèrè témi náà ní fún yín rèé: kí ló ń pa módẹ́mù yẹn gan-an? Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bá a ṣe máa jí i, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń pa á. Tó bá ń bọ́ sórí 2G nígbà tí sígínà kò dáa, á máa fa iná lójijì tó lè dé 2A, fún bíi 577 µs, léraléra ní gbogbo 4.6 ms. Tí wáyà iná tó dé sílọ́ọ̀tì bá tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tí switch yẹn bá ní résístáǹsì púpọ̀, 3.3V á já sí 2.9V lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mítà kò ní rí i torí ìpíndọ́gba ló ń fi hàn. Ẹ gbé síkóòpù sí i lórí píìnì sílọ́ọ̀tì gan-an, ẹ má gbé e sẹ́nu régúlétọ̀, ẹ fi trigger sí 3.1V kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Módẹ́mù mini PCIe tí wọ́n kọ 3.0V sí bí ìsàlẹ̀ iná ẹ̀ kò ní fara da irú ìjá bẹ́ẹ̀. Kápásítọ̀ ńlá tí ESR (résístáǹsì inú) ẹ̀ kéré, tó sún mọ́ sílọ́ọ̀tì dáadáa, lè jẹ́ kẹ́ ẹ má tiẹ̀ nílò rísẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ rárá.

kernel_lálẹ́

Èmi á dáhùn ti reboot. PCA9555 kò ní píìnì rísẹ́ẹ̀tì, ohun kan ṣoṣo tó ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni kí iná tirẹ̀ kú. Tẹ́ ẹ bá ṣe reboot, SoC ló tún bẹ̀rẹ̀, PCA9555 jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ kọ sínú ẹ̀ kẹ́yìn, iná módẹ́mù kò mì, módẹ́mù tó ti kú kò sì mọ̀ pé reboot wáyé. PCA9539 tó fara jọ ọ́ ní RESET, ẹ sọ fún ẹni tó ń ya bọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ kó lo ìyẹn kó sì so ó mọ́ rísẹ́ẹ̀tì SoC.

Fún bọ́ọ̀dù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, U-Boot (prógíráàmù tó ń ṣáájú kernel) ni kó ṣe é. Ní gbàrà tó bá ti lè sọ̀rọ̀ lórí I2C, kó pa iná sílọ́ọ̀tì méjèèjì, kó dúró kó gbẹ, kí kernel wá tàn wọ́n nígbà tó bá dé. Gbogbo reboot á wá dà bí ìgbà tẹ́ ẹ yọ iná. Ẹ tún rántí pé tí PCA9555 bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná, gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ á jẹ́ input tí résístọ̀ 100k inú ẹ̀ ń gbé sókè, nítorí náà tí switch iná yín bá ń tàn pẹ̀lú lókè, ó lè jẹ́ pé módẹ́mù ti ń tàn kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ, résístọ̀ tó lágbára jù ú lọ ló máa fà á wálẹ̀, 10k tó.

bọ́ọ̀dù_kékeré

UART ni o! Mo sọ TX di input, 1.2V já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, módẹ́mù sì ń jí dáadáa báyìí tí mo bá gé iná tí mo tún tàn án. Mo ti gbé síkóòpù sórí sílọ́ọ̀tì bí bàbá kápásítọ̀_àgbà ṣe wí, ó ṣì ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Mo fẹ́ gé láìnì rísẹ́ẹ̀tì tó lọ sí M.2 kí n so ó mọ́ ẹsẹ̀ PCA9555 tó ṣófo, kí kálukú ní tirẹ̀. Ṣé kò ní sí wàhálà? Mo tún kíyè sí i pé módẹ́mù míì tí mo kì sínú M.2 yẹn kò tàn rárá, bẹ́ẹ̀ iná 3.3V wà níbẹ̀.

ojú_síkóòpù

Kò sí wàhálà tẹ́ ẹ bá fi tíránsístọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ibi tó ti ń gbàṣẹ nìkan ni kẹ́ ẹ yí. Ṣùgbọ́n tíránsístọ̀ NPN lẹ ní, PCA9555 sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná, ìyẹn ni pé módẹ́mù M.2 á wà nínú rísẹ́ẹ̀tì títí kernel á fi dé àyàfi tẹ́ ẹ bá fi résístọ̀ fà á wálẹ̀ bí kernel_lálẹ́ ṣe sọ. Ẹ ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú résístọ̀ ẹsẹ̀ tíránsístọ̀ o, kó má lọ jẹ́ pé 100k yẹn nìkan ti tó láti ṣí i.

Èyí tí kò tàn rárá, ẹ wo píìnì 6. FULL_CARD_POWER_OFF# gbọ́dọ̀ wà lókè kí módẹ́mù M.2 tó tàn, résístọ̀ inú káàdì ló sì ń fà á wálẹ̀, tí bọ́ọ̀dù kò bá so ó mọ́ nǹkan kan módẹ́mù á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò níná. Módẹ́mù míì wà tí kò ka píìnì yẹn sí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀kan tàn tí èkejì kò tàn nínú sílọ́ọ̀tì kan náà. 1.8V ni ìwọ̀n ẹ̀, ó sì lè gba 3.3V, ti RESET# kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹsẹ̀ PCA9555 kan fún un, ẹ fún un, torí ọ̀pọ̀ módẹ́mù M.2 ló jẹ́ pé mímú píìnì 6 wálẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ara wọn jẹ́jẹ́ kí iná tó lọ, ó sàn ju gígé lójijì.

Tí ẹsẹ̀ bá tún kù, ẹ gbé CONFIG_0 dé CONFIG_3 wọlé, píìnì 21, 69, 75 àti 1. Káàdì kọ̀ọ̀kan so àwọn kan mọ́ ground ó sì fi àwọn kan sílẹ̀, ẹ ó fi mọ irú káàdì tó wà nínú sílọ́ọ̀tì kẹ́ ẹ tó fi iná sí i, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lókè sílọ́ọ̀tì ṣófo nìyẹn, kí síkíríìpù yín má wulẹ̀ máa rísẹ́ẹ̀tì ibi tí kò sí nǹkan kan.

Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ gbé módẹ́mù tó ń gba PCIe sọ̀rọ̀ síbẹ̀ dípò USB, ẹ má fa rísẹ́ẹ̀tì lé e lórí láìsọ fún kernel. Ẹ kọ 1 sínú fáìlì remove tirẹ̀ lábẹ́ /sys/bus/pci/devices, ẹ fa rísẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró kó tán, ẹ wá kọ 1 sínú /sys/bus/pci/rescan. USB máa ń fara da kí nǹkan já lójijì, PCIe lórí ọ̀pọ̀ SoC kì í fara dà á, prógíráàmù tó bá kàn gbìyànjú láti ka àdírẹ́sì ẹ̀ lẹ́yìn tó ti lọ lè mú kí gbogbo bọ́ọ̀dù dúró.

Ẹ gbé àwòrán síkóòpù yẹn wá síbí tó bá ti mú nǹkan.